Àpótí Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Asenaca so okùn mọ́ àpótí páálí kan ní èbúté Suva, olú ìlú Fiji, bó ti máa ń ṣe lóṣooṣù. Fùláwà wà nínú rẹ̀, ṣúgà wà níbẹ̀, ọṣẹ, tíì, àti bisikíìtì líle tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn láti máa rì bọ inú tíì. Ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ àti ti erékùṣù rẹ̀ sí i lára: Kelera, Vanuakula. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi gbà á, ó gbé e lé orí àwọn yòókù, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹrù tí ẹbí ń fi ránṣẹ́ sí ẹbí kì í gba ìwé nínú ọkọ̀ yẹn.

"Kí ni kí n sọ fún màmá?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Ẹ ní kí wọ́n má jẹ bisikíìtì tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

"Wọ́n á ti jẹ ẹ́ tán kí n tó parí gbólóhùn yẹn."

Asenaca rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkọ̀ náà títí ó fi kéré bí èèpo àgbọn lójú omi. Ọdún mẹ́rin ni kò ti fojú kan ìyá rẹ̀. Nígbà mìíràn, bó bá ń rìn lọ ní ìgboro, òórùn ewé tí ìyá rẹ̀ máa ń sá sóòrùn láti fi hun ẹní á kàn dédé gba imú rẹ̀, á dúró, á wò yíká, kò ní rí nǹkan kan àfi ilé ìtajà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lókè odò, omi ni yóò máa wò.

Ohun kan ló ń tù ú nínú. Àwọ̀ funfun ti ń bo ojú Kelera, dókítà tó máa ń yípo àwọn erékùṣù sì ti fún un ní ọjọ́ ní ilé ìwòsàn Suva, nínú oṣù kẹjọ, kí wọ́n bá a ṣí i kúrò. Ọkọ̀ yìí kan náà ni yóò gbé e wá.

"Bí wọ́n bá tú aṣọ kúrò lójú mi," ni Kelera wí lórí fóònù, "ojú rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí. Má jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kankan dúró síwájú rẹ."

Ọ́fíìsì kékeré kan tó ń ṣe ìwádìí nípa ohun tí àwọn ènìyàn ń rà àti ohun tí wọ́n ń lò ni Asenaca ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ náà gan-an, ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ojú omi náà gbé iṣẹ́ wá. Wọ́n fẹ́ mọ àwọn erékùṣù tó ṣì nílò ọkọ̀ àti àwọn tí kò nílò rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún wọn. Asenaca wá orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó rí àwọn kan tó ń ta àkójọ ìwádìí. Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ará Fiji ló dáhùn ìbéèrè nínú rẹ̀. Ó rà á.

Mereoni ló kọ́kọ́ fi hàn. Àgbà obìnrin yìí ń tọ́jú ìwé ní yunifásítì, erékùṣù tó kọjú sí Vanuakula ló sì ti wá. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àṣà ti fún àwọn ará erékùṣù méjèèjì láyè láti máa bú ara wọn bó ṣe wù wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú.

"Ta ló bá àwọn ènìyàn yìí sọ̀rọ̀?" ni Mereoni bèèrè.

"Kò sí níbẹ̀, Àǹtí."

"Nígbà wo ni wọ́n bá wọn sọ ọ́? Báwo ni wọ́n ṣe yàn wọ́n?"

"Ìyẹn náà ò sí níbẹ̀."

"Ẹja tí kò lórí, ṣé o máa rà á lọ́jà?"

"Bó bá jẹ́ ará erékùṣù yín ló ń tà á, tòun torí ni mi ò ní rà á."

Mereoni rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa àga sún mọ́ ọn.

"Gbọ́, ìwọ ọmọ àwọn a-sáré-bí-akàn. Ìjọba máa ń rán àwọn ènìyàn lọ láti ilé dé ilé, títí dé àwọn erékùṣù tó jìnnà jù lọ, láti bèèrè ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan ń jẹ àti èyí tó ń lò. Ọ̀fẹ́ ni àbájáde rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti ṣírò wà lórí ìkànnì ọ́fíìsì ìṣirò ìlú. Bí o bá fẹ́ ìdáhùn ilé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ti yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀, ó wà ní ilé ìpamọ́ ìwádìí tí gbogbo àwa ará Pàsífíìkì jọ ń lò. O máa kọ fọ́ọ̀mù, o máa sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe, wọ́n á sì dá ọ lóhùn."

"Lọ́jọ́ mélòó?"

"Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ọ̀gá mi ò lè dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì."

"Àgbọn tí kò gbó, bí o bá já a, omi lásán ni wàá mu."

Asenaca kò kọ fọ́ọ̀mù. Ó lo èyí tó rà. Nígbà tó dé orí Vanuakula, ó rí i pé wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ra nǹkan kan láti Suva. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ó rántí àpótí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bá ara rẹ̀ wí. Ó ní àárò ilé ló ń dà á láàmú, kò sì yẹ kí òun jẹ́ kí àárò ilé ba iṣẹ́ jẹ́. Ó kọ ọ́ bó ṣe rí i. Ọ̀gá rẹ̀ bu ọwọ́ lù ú.

Ní ìparí oṣù keje, fóònù dún. Kelera ni. Ó ti gun òkè tó wà lẹ́yìn abúlé, nítorí ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń ṣiṣẹ́ ní Vanuakula. Mímí ló kọ́kọ́ ń mí.

"Naca, ọkọ̀ kọjá o. Gbogbo wa dúró sétí òkun, à ń juwọ́ sí i. Ó kàn ń lọ ni."

"Màmá, bóyá ó máa dúró nígbà tó bá ń padà bọ̀."

"Kò ní dúró mọ́. Wọ́n ní ìwé kan wà ní Suva tó sọ pé a kì í lò ó. Ìwọ tí o mọ̀wé, ṣé o mọ ẹni tó kọ ọ́?"

Atẹ́gùn orí òkè ń fẹ́ wọ inú fóònù. Asenaca jókòó sílẹ̀.

"Èmi ni, màmá."

Ohùn Kelera lọ sílẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun lónìí?"

Ọjọ́ náà gan-an ni Asenaca lọ bá Mereoni. Àgbà obìnrin náà kò bú u lọ́jọ́ yẹn, èyí sì dun Asenaca ju èébú lọ. Wọ́n jọ kọ fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ìdáhùn fi dé.

"Má tíì ṣí i," ni Mereoni wí. "Ka ìwé ìbéèrè tí wọ́n gbé lọ sílé àwọn ènìyàn ná."

Ojú ìwé kan wà fún ohun tí ilé rà. Òmíràn wà fún ohun tí wọ́n gbìn tàbí ẹja tí wọ́n pa lókun. Ẹ̀kẹta wà fún ohun tí ẹbí fi ránṣẹ́ sí wọn. Nígbà tí wọ́n wá ṣí ìdáhùn àwọn erékùṣù kéékèèké agbègbè náà, ojú ìwé àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹ̀kẹta kún dẹ́nu.

"Àpótí rẹ rèé," ni Mereoni wí. "Ṣùgbọ́n ilé díẹ̀ ni wọ́n bèèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn ní erékùṣù kọ̀ọ̀kan. Má sọ pé ti Vanuakula nìkan ni. Sọ pé ti gbogbo agbègbè náà ni, kí o wá fi iye ènìyàn inú ìkànìyàn tì í lẹ́yìn."

Asenaca kọ̀wé sí àwọn tó ta àkójọ ìwádìí àkọ́kọ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ ọ́ kí wọ́n tó jẹ́wọ́ pé fóònù ni wọ́n fi bi àwọn ènìyàn, pé òdo ni wọ́n sì kọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbé e.

"Abájọ," ni Mereoni wí. "Orí òkè nìkan ni fóònù ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Òkè ni wọ́n pè, òkè ò sì mọ fóònù gbé."

Asenaca mú ìwé tuntun lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló ṣe àṣìṣe. Ọ̀gá rẹ̀ gba ìwádìí lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sídìí ìwé títẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ ṣèpàdé, wọ́n tún ṣèpàdé. Oṣù kẹjọ kọjá. Afẹ́fẹ́ oṣù náà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ̀ kékeré gbé arúgbó la òkun já.

Oṣù kọkànlá ni ọkọ̀ tó tún yà ní Vanuakula. Asenaca dúró ní èbúté láti òwúrọ̀. Kelera sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ dì í lọ́wọ́ mú, ẹní tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun wà ní kíká lábẹ́ apá rẹ̀. Dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì. Ó ní wọ́n ti pẹ́ jù fún ojú ọ̀tún, iṣan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti kú. Òun yóò gbìyànjú ti òsì, ṣùgbọ́n kí wọ́n má retí púpọ̀.

Wọ́n ṣe é. Wọ́n tú aṣọ kúrò. Asenaca wà níwájú, kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kankan dúró níbẹ̀.

"Mo rí ìmọ́lẹ̀," ni Kelera wí. "Mo rí òjìji kan. Ṣé ìwọ ni?" Ó na ọwọ́, ó fi ìka tọ iwájú orí ọmọ rẹ̀, ó tọ imú, ó tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́. "O ti rù."

Ẹní náà wà nílé Asenaca di òní. Iṣẹ́ ọnà dúdú yí etí rẹ̀ ká, àfi igun kan tó funfun báláú. Ibi tí ojú ìyá rẹ̀ bá a dé nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwádìí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìṣirò pinnu ohun tí ará ìlú máa rí gbà, a-bèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tí a fi owó gbogbo wa kó jọ wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lọ wá a kí ẹ tó ra ti ẹni tí ẹ ò mọ̀. Ẹ bèèrè ẹni tó kó o jọ, ìgbà tó kó o jọ àti àwọn tí kò rí bá sọ̀rọ̀. Bí ohun tí ojú yín ti rí bá sì takò ó, ẹ má bá ara yín wí. Ẹ dúró, kí ẹ tún un wò. Kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé kan kò ra nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹnì kan wà lókè odò tó ń so okùn mọ́ àpótí.