Ọwọ́ Tó Ń Lu Káfíńtà Lápá

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà ní àtàrí, nígbà tí ọwọ́ kan lu káfíńtà lápá òsì lẹ́ẹ̀mejì, níbi tó ti di pákó mú tó fẹ́ fi ayùn rẹ́ ẹ. Kò lù ú kíkankíkan. Bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ ni. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó fi pákó sílẹ̀, ọwọ́ náà dáwọ́ dúró. Ó tún di pákó mú, ọwọ́ tún lù ú. Ẹlòmíràn ì bá figbe ta, ṣùgbọ́n káfíńtà mọ ẹni tó ni ọwọ́ náà. Ìtìjú bò ó kí ẹ̀rù tó bà á.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́. Káfíńtà yìí ń kọ́ júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan, kó lè máa gbèjà ara rẹ̀, ní gbọ̀ngàn kan tí wọ́n tẹ́ fóòmù sílẹ̀, láràárọ̀ Sátidé. Òfin kan ló ga jù níbẹ̀. Bí wọ́n bá dì ọ́ mọ́lẹ̀ tí kò sọ́nà mọ́, fọwọ́ lu ẹni tó dì ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kíá ló gbọ́dọ̀ tú ọ sílẹ̀. Ọ̀gá wọn a máa ní, "Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tó yẹ kó tú èèyàn sílẹ̀, kó má di èèyàn mú."

Télọ̀ kan wà níbẹ̀, àgbàlagbà tínrín, tó máa ń gbé káfíńtà fìrìgbọ̀n yìí ṣánlẹ̀ bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Á wá ní, "Pẹ̀lẹ́ o, géńdé. Ṣé ilẹ̀ ò dùn ọ́?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò dénú.

Ní Sátidé kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tẹ̀ lé e wá wòran. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni télọ̀ gbé e ṣánlẹ̀ níṣojú ọmọ. Nígbà kẹrin, ọwọ́ káfíńtà ba télọ̀ lọ́rùn, ló bá fi apá fún un pinpin. Télọ̀ lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: káfíńtà mọ̀ ọ́n lára, kedere báyìí. Ó kàn ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Jẹ́ kó kọ́kọ́ jìyà díẹ̀, kí ọmọ mi rí i." Ìgbà tó fi máa tú u sílẹ̀, ọrùn ti yẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni télọ̀ lò ní ọsibítù, ó kú.

Ọ̀gá bi í pé, "Ṣé ó lù ọ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá, sà."

Gbogbo wọn gbà á gbọ́. Ìyàwó télọ̀ tiẹ̀ ń sọ fún un pé, "Pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run mọ ohun gbogbo." Ojú tì í débi pé kò lè wo obìnrin náà. Kò padà sí gbọ̀ngàn náà mọ́.

Láti ìgbà náà, ohun yòówù tó bá dì mú, ọwọ́ yẹn á lù ú: ìbáà jẹ́ ṣíbí, ìbáà jẹ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Irọ́ sì ń bí irọ́, ó ní làkúrègbé ló ń yọ òun lẹ́nu. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ti ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára. Ó kúkú ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kan ni ọmọ rẹ̀ wá bá a. "Bàbá, ọkùnrin kan ń tọ̀ mí lẹ́yìn tí mo bá ń bọ̀ láti ilé ìwé. Ẹ kọ́ mi ní ìjà yẹn."

Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí á kọ̀? Wọ́n tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sí pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó sọ òfin fún un, ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó gbá a mú láti ẹ̀yìn, ó ní kó jà jáde. Ọmọ yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, àwọn méjèèjì ṣubú, apá bàbá wà lábẹ́ àgbọ̀n ọmọ. Ọwọ́ lu káfíńtà lápá òsì, lójú ibi tó máa ń lù. Ó pa eyín pọ̀, kò tú apá sílẹ̀. "Télọ̀, ẹ fi mí sílẹ̀," ló ń sọ lábẹ́lẹ̀. Ọwọ́ kò fi í sílẹ̀. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹrin, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó wá ń lù ú bí ẹni ń lu ilẹ̀kùn ilé tó ń jóná. Káfíńtà kígbe, ó sì tú apá sílẹ̀.

Ọmọ kò mira. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Bàbá yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó da omi sí i lójú, kí ọmọ tó wúkọ́ tó sì mí.

"Dárí jì mí," ni bàbá ń wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "O lù mí, o lù mí, mi ò mọ̀ pé ìwọ ni."

Ọmọ náà mirí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Mi ò lù yín, Bàbá. Ọwọ́ mi méjèèjì ló há sábẹ́ mi."

Ọjọ́ náà gan-an ni káfíńtà lọ sílé télọ̀. Ìyàwó olóògbé ń ká aṣọ. Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì.

"Mà, ọkọ yín fọwọ́ lù mí lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ ọ́n lára. Mo parọ́ ni."

Obìnrin náà ò ju aṣọ sílẹ̀. "Mo mọ̀. Ó sọ fún mi ní ọsibítù. Ó ní kí n má pariwo, pé wàá fẹsẹ̀ ara rẹ wá. Ó sì ń bi mí ṣáá pé ṣé o ti wá."

Káfíńtà ò lè gbójú sókè. "Kí wọ́n tó kú nìyẹn, Mà?"

Obìnrin náà ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

"Láàárọ̀ yìí náà ó béèrè."