Igi Obì Ìyá Kifayah

Orí òrùlé ilé ìwòsàn Akínyẹlé ni Kifayah ti kọ́kọ́ rí i: ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbá òpó irin mọ́ra, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì kùn ún bí wúrà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin ará òkè, ẹ rọra o! Páànù wa ti gbó."

"Nọ́ọ̀sì, bí mo bá já bọ́, ṣebí ẹ̀yin náà ni ẹ ó tọ́jú mi?"

Mikail ni orúkọ rẹ̀. Àwòrán oyún tí Kifayah ń fi ránṣẹ́ sí dókítà ní Ìbàdàn kì í tètè débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè é láti wá yẹ ọ̀nà ayélujára wọn wò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Iṣẹ́ kékeré méjì ni mo ń rán gba ojú òfuurufú, tímọ́tímọ́ bí ìbejì. Níbi tí ọ̀nà bá ti há, ọ̀kan á kọjá, èkejì á dúró. Àlàfo tó bá wà láàárín wọn nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀ ló ń sọ bí ọ̀nà náà ṣe há tó."

Ẹnu ya Kifayah. Ohun tí ojú kò rí, ọkùnrin yìí ń wọ̀n ọ́n! Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wá ìbéèrè bi í, tí Mikail náà sì ń wá ìdí láti padà wá. Nígbà tó yá, Àṣàkẹ́, oríkì rẹ̀, ni Mikail ń pè é. Bàbá Sàníù, baba Kifayah, ní kí Mikail mú ẹbí rẹ̀ wá tọrọ rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá.

Àfi ìgbà tí Mikail wọn ọ̀nà náà ní abala kọ̀ọ̀kan, tó sì rí ibi tí àwọn ìbejì rẹ̀ ti ń pínyà. Igi obì kan ní àgbàlá Bàbá Sàníù ló ti ga, tó dí ojú òfuurufú láàárín ilé ìwòsàn àti òpó ayélujára tó wà ní Mọ́níyà. Ìyá Kifayah ló gbìn ín nígbà tí wọ́n lóyún rẹ̀; orí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kú sí. Baba rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ewé kan níbẹ̀.

"Má sọ fún wọn," ni Kifayah bẹ̀ ẹ́. "Wọn ò ní fi mí fún ọ mọ́."

"Àṣàkẹ́, bí aboyún kan bá kú nítorí ohun tí mo mọ̀, ojú wo ni n ó fi wò ọ́?"

Ó sọ ọ́. Bàbá Sàníù dìde, wọ́n wọlé, wọ́n ti ìlẹ̀kùn.

Ìró àdá ló jí Kifayah láàárọ̀. Baba rẹ̀ ti wà lórí àkàbà lára igi náà, Mikail sì ń sáré bọ̀.

"Ìwọ tó ń gun òrùlé kiri, ṣé àgbàlagbà lo fẹ́ máa wò níran? Gòkè wá! Orí rẹ̀ nìkan la ó gé o. Má fọwọ́ kan ìdí rẹ̀."

Lọ́sàn-án, Kifayah fi àwòrán oyún aboyún kan ránṣẹ́. Kò tíì gbọ́wọ́ kúrò tí dókítà fi dáhùn. Bàbá Sàníù, tí wọ́n bá wọn wá sí ilé ìwòsàn, tẹjú mọ́ ohun kékeré kan tó ń mì tìtì nínú àwòrán náà.

"Ọkàn ọmọ rèé?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ògo ni fún Ọlọ́hun. Ká ní irú èyí wà nígbà ìyá rẹ…" Wọ́n yíjú sí Mikail. "Má dúró de Iléyá mọ́. Lọ pe ẹbí rẹ wá."

Abẹ́ igi obì náà ni wọ́n ti so yìgì wọn. Ewé tuntun ti ń yọ, àwọn méjèèjì sì jókòó tímọ́tímọ́, láìsí àlàfo.