Àwọn Méje Tó Wá Tẹ̀ka

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Ẹ fa ẹní yẹn wá síbí. Fàlílù, pa fóònù yẹn, kí n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ẹ jókòó ti ara yín, àmọ́ ẹ má dí ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ wà ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Ní Joju níbí ni, nínú ilé yìí, lórí ẹní tí ẹ jókòó sí yìí gan-an. Ẹ̀yin ń sùn nínú yàrá. Naimat ẹ̀gbọ́n yín wà níbẹ̀, ẹ bi í. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí Ọlọ́run má gba ààwẹ̀ tí mo gbà lọ́dún náà.

Ààwẹ̀ èṣí ni. Naimat ti wọ pólì. Wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ̀wé ibi iṣẹ́. Tíṣà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Silas, ní kí kálukú lọ kọ mẹ́mò kan wá, ìwé àbá tí yóò yí ọ̀gá kan lọ́kàn padà. Ọ̀gá gidi o. Ọ̀rọ̀ gidi. Naimat là á yé mi.

"Màmá àgbà, ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kí ló bàjẹ́? Kí la fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i? Kí ni èrè ẹni tó bá gbà?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Ohun tí ẹ ń sanwó kọ́ nìyẹn? Èmi tí mo ta abọ́ ní Sàngó fún ọgbọ̀n ọdún ńkọ́? Ẹ ò wá san tèmi!"

Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ ohun tó fẹ́ kọ fún mi, ẹ̀rín kú lẹ́nu mi.

Ẹ mọ̀ pé Hajarat, ìyá yín, ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nígbà náà, ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bàtà rọ́bà nítòsí ibí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ bá ti wọlé tán, wọn a fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti ìta, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ibẹ̀ kó bàtà lọ. Ọ̀gá a mú kọ́kọ́rọ́ dání, a lọ sùn sílé ẹ̀. Naimat fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yé ti ilẹ̀kùn yẹn. Nítorí ìyá ẹ̀ ni.

Ó kọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Silas dá a padà. Ó ní kò sí ẹlẹ́rìí níbẹ̀, ohùn ẹnìkan ṣoṣo ò lè mi ọ̀gá.

Mo ní òótọ́ lọkùnrin náà sọ. Ní tiwa, ta ló ń dá ẹ̀bẹ̀ lọ? Èèyàn a kó àwọn ẹlòmíràn lẹ́yìn, wọn a bá a kúnlẹ̀. Mo ní, "Pa 'èmi' yẹn rẹ́. Kọ 'àwa' síbẹ̀. Kọ ọ́ pé, gbogbo àwa tí wọ́n ti ilẹ̀kùn yìí mọ́, a wá bẹ̀bẹ̀."

"Màmá, àwọn wo ni 'àwa'?"

"Ìwọ ṣáà kọ ọ́. Wọ́n á wá."

Ẹnu mi yìí ni. Ẹnu mi yìí ni mo fi pè wọ́n.

Ọjọ́ kejì ló gbọ́dọ̀ fi ìwé náà sílẹ̀. Nígbà tí mo jí se sààrì, òun náà jí láti dà á kọ. Iná ti lọ. A tan àtùpà onísólà. Mo gbé ìrẹsì kaná. Àdúgbò dákẹ́. Ẹ̀yin náà mọ Joju, jẹnẹrétọ̀ kì í sinmi níbí. Lọ́jọ́ yẹn, ó sinmi. Ajá ò gbó. Omi ń hó nínú ìkòkò, mo rí i tó ń hó. Mi ò gbọ́ ọ.

Naimat kọ "àwa".

Wọ́n gbá ilẹ̀kùn.

Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi gbá a. Pà. Pà. Pà. Ìsàlẹ̀ ló sì ti dún, bí ìgbà tí ẹni tó gbá a bá wà ní ìdùbúlẹ̀. Mo rò pé àwọn tó ń jí wa fún sààrì ni. Mo ṣílẹ̀kùn.

Èèyàn méje. Obìnrin mẹ́rin, ọkùnrin mẹ́ta. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, irú ti ìyá yín gẹ́lẹ́. Wọ́n dúró dáadáa lórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ń rùn. Òórùn rọ́bà tó jóná.

"Ẹ kú sààrì, Ìyá," obìnrin tó ṣíwájú ló wí bẹ́ẹ̀. "Ẹ ní ká wá."

Kí ni mo fẹ́ wí? A kì í lé èèyàn ní sààrì. "Ẹ wọlé, ẹ jẹun. Àsìkò ń lọ."

Wọ́n jókòó. Mo bu ìrẹsì síwájú wọn. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Ooru ìrẹsì náà ń lọ sókè tààrà níwájú ojú wọn. Kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Kò sí èémí tó fẹ́ ẹ.

"Ka ìwé náà," obìnrin yẹn wí.

Naimat kà á. Bó ṣe dé ibi ilẹ̀kùn, àwọn méjèèje mi orí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ̀yin náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí?" mo bi wọ́n.

"A wà níbẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

Wọ́n wo ara wọn.

Obìnrin náà na ọwọ́. "A ò lè kọ̀wé mọ́. A ó tẹ̀ka."

Naimat ń wá tàdáwà kiri. Obìnrin náà ò dúró dè é. Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé. Àmì ẹ̀ dúdú bí èédú. Ẹnìkejì tẹ tiẹ̀. Ẹnìkẹta. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kẹ́yìn. Òun ò tẹ tiẹ̀ tẹ̀lé ti ẹnìkẹfà. Ó fo àyè kan.

"Bọ̀dá, ẹ fo ibì kan," Naimat wí.

"Mẹ́jọ ni wá."

"Ẹnìkẹjọ dà?"

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́. À ń dúró dè é."

Ìyá yín náà wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn. Naimat gbé fóònù, ó pe ìyá yín. Fóònù dún. Ó dún títí. Ẹnikẹ́ni ò gbé e.

Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ ti ń mọ́ o." Wọn ò mira. Mo kó abọ́ kúrò níwájú wọn. Mo ká etí ẹní sókè. Ẹ mọ bí mo ṣe ń lé àlejò tó bá pẹ́ jù. Wọn ò mira.

Ìgbà náà ni mo rántí ohun mẹ́ta Naimat. Mo kúnlẹ̀. Èmi arúgbó yìí, mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn tí mo lè bí lọ́mọ.

"Ohun tó bàjẹ́ nìyí: Hajarat nìkan ni mo bí. Ohun tí mo fẹ́ nìyí: àyè tí ẹ fò yẹn, ẹ fún mi."

Obìnrin náà wò mí. "Kí ni èrè wa?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, mi ò mọ ibi tó ti wá. Mo ní, "Hajarat kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá mú un, ọ̀rọ̀ yín wọlẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi gbogbo Joju léèrè ẹnu tèmi. Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ kí n tó wá bá yín. N ó máa ròyìn yín. Gbogbo ẹni tó bá jókòó tì mí, á gbọ́ nípa ilẹ̀kùn yẹn."

Àwọn mẹ́fà tó kù mi orí sí obìnrin náà.

Ó wá ti ìwé náà sún mọ́ mi. Mo fi àtàǹpàkò ra ìdí ìkòkò, mo tẹ̀ ẹ́ sí àyè náà. Ìwé náà tutù bí irin. Ẹ wò ó, àtàǹpàkò náà nìyí. Ọṣẹ dúdú ò bọ́ ọ títí dòní. Òmíràn ni Naimat kọ fún Ọ̀gbẹ́ni Silas. Èyí tí a tẹ̀ka sí ṣì wà nínú àpótí mi.

Ládáànì pe ìrun. Jẹnẹrétọ̀ bú sókè. Ajá gbó. Àwọn méjèèje dìde, wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, láìdágbére.

Bí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn ṣe di ilẹ̀kùn mú ni ìyá yín dé. Abẹ́ apá ọkùnrin náà ló gbà wọlé. Kò rí i. Èéfín ti mú ojú ẹ̀ dúdú, ó ń wúkọ́.

"Màmá, rọ́bà gbiná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. A sá lọ sẹ́yìn, a bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí gbayawu! Àgádágodo wà nílẹ̀, títì ló ṣì wà. Màmá, ta ló ṣí i?"

Ọkùnrin náà ni mò ń wò. Kò tíì lọ. Ó ṣì di ilẹ̀kùn mú, bí a ṣe ń dì í mú de ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹni. Ó ń wò mí.

Mo ní, "Ẹ máa lọ ná."

Ó mi orí. Ó jáde sínú ìmọ́lẹ̀.

Kò ti ilẹ̀kùn náà.