Ẹkùn tó Jókòó Sórí Àga Bàbá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, mo kí yín o. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó fún wa ní ojú tí a fi ń kàwé àti ìka tí a fi ń kọ ọ́. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ọmọbìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Àbíkẹ́yìn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀, ó gbé bébà funfun lé itan. Ó ti ń wo bébà náà láti wákàtí méjì. Bíríkìlà ni bàbá. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló já bọ́ láti orí pákó ìkọ́lé, láti ọjọ́ náà ni kò ti lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ìyá ń fọ aṣọ kiri ilé onílé. Wọ́n ti sọ fún Àbíkẹ́yìn pé bí sáà yìí bá parí, yóò fi ilé ìwé sílẹ̀, yóò lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: ìdíje àròkọ. Ẹni tó bá gbégbá orókè yóò kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ títí yóò fi jáde. Aago mẹ́rin ni wọn kò ní gba ìwé mọ́. Aago mẹ́ta ti lù.

"Ọjọ́ Tí N Kò Lè Gbàgbé" ni orí ọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀, ìyẹn kò sì ṣeé kọ. Bó ti ń nu omijé, ojú rẹ̀ bọ́ sí abẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó kúrú. Ìwé ògbólógbòó kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya dànù ni wọ́n fi tì í. Oorun oògùn ti gbé bàbá lọ. Ó rọra yọ ìwé náà, ó fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù rọ́pò rẹ̀.

Ìtàn ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ kú ni. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dùn bí orin ìsìn.

"Ta ló máa mọ̀?" ó sọ sínú. "Ẹni tó kọ ọ́ á ti kú."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ, àmì lórí àmì. Ó bá ẹkùn kan pàdé níbẹ̀ tó jókòó sórí àga. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n aago kò dúró dè é.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n pè é sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Arúgbó kan tó lo gíláàsì tó nípọn ni adájọ́; Màmá Òǹkọ̀wé ni wọ́n ń pè é.

"Ọmọ mi, ka ìlà kẹta fún wa."

"'Ẹkùn wọ ilé wa lọ́jọ́ náà, ó sì jókòó sórí àga bàbá mi.'"

"Ẹkùn? Èyí tó ń pa ẹran jẹ?"

Àbíkẹ́yìn yára rò ó. Bó bá ní àṣìṣe ni, wọ́n á bi í pé kí ló fẹ́ kọ, kò sì mọ̀ ọ́n.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó... ó ní ìrù gígùn."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ fún un ní tíì mu?" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. "Ẹkún ni mo kọ, ọmọ mi. Ẹkún tí à ń sun. Atẹ̀wé ló yí àmì orí rẹ̀ sódì. Ogójì ọdún ni ẹkùn yẹn ti ń dùn mí."

Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀. "Mà, ẹ dárí jì mí! Wọ́n máa mú mi kúrò nílé ìwé. N kò ní ọ̀nà mìíràn!"

"Níbo lo ti rí ìwé mi?"

"Abẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi ni, mà."

"Háà! Ìwé mi ti di ohun tí wọ́n fi ń ti bẹ́ẹ̀dì!" Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún pẹ́. "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè torí iṣẹ́ ọwọ́ mi fún ọ ní ẹ̀bùn ìdíje. Lọ kọ ẹkún tìẹ."

Wọ́n fa igi lé orúkọ rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn.

Nígbà tó délé tó jẹ́wọ́, bàbá ní, "Gbé ìwé náà wá." Ó ṣí i, ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kẹta. Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ, tó ti ń pa rẹ́, wà níbẹ̀: ẹkún.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi kú," ni bàbá wí. "Ẹkùn yìí dẹ́rù bà mí títí mo fi mọ̀ pé ẹkún ni. Èmi ni mo tún un ṣe. Ẹni tó kọ ìwé yìí, tí n kò rí rí, ló bá mi jókòó nígbà yẹn. Ìwọ dà á kọ, o ò kà á."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ wá fi ti bẹ́ẹ̀dì?"

"Ó gbé mi dúró nígbà náà. Ṣé bẹ́ẹ̀dì lásán ni kò ní lè gbé dúró?"

Sáà parí. Kò sí ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́. Àbíkẹ́yìn wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Lórí bébà tí wọ́n fi ń gé aṣọ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, ọ̀rọ̀ kan lónìí, méjì lọ́la. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi kan, ó kà á fún bàbá: "Ẹkún wọ ilé wa lọ́jọ́ tí bàbá mi já bọ́. Kò tíì jáde."

Bàbá kọjú sí ògiri.

"Tún un kà," ló wí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi òótọ́ inú kọ a máa tu ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ nínú. Èyí tí a jí kọ kì í tu olè pàápàá nínú. Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí ẹkún pẹ́ nílé yín. Kí ọwọ́ yín kọ ohun tí yóò gbé ẹlòmíràn dúró. Àmín.