Ẹnu Tó Mu Ọtí Ìtọrọ

Oòrùn ọ̀sán ń ta àwọn ènìyàn lórí nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù funfun kan dúró síwájú ilé-ẹ̀kọ́ abúlé Atezcapa, ní Mẹ́síkò. Gbogbo abúlé ló wà níbẹ̀, torí ọjọ́ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni. Àwọn ọkùnrin ń fi àdá yẹ ọ̀nà, àwọn obìnrin ń po amọ̀ tí wọ́n máa fi rẹ́ ògiri tí òjò wó. Rutilia, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wà nínú amọ̀ dé orókún. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ bí ewé àgbàdo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀gbẹ́ni Barragán, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, sọ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò síwájú Don Melquíades, olórí abúlé. Yìnyín bo ìgò náà títí dé ọrùn.

Barragán ṣí fìlà. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó ni mo ṣe wá."

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ní Atezcapa, ẹni tó bá mu ohun tí atọrọ gbé kalẹ̀ ti gbà fún un nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọrọ ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọrọ ilẹ̀ oko. Barragán mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ohun tó mú un gbé yìnyín wá lọ́jọ́ oòrùn nìyẹn.

"Kí lẹ wá tọrọ?" Don Melquíades bi í.

"Ilé-ẹ̀kọ́ yín ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi èdè Sípéènì nìkan kọ́ àwọn ọmọ láti ìgbà tí ilé-ìwé bá tún wọlé. Mo máa kọ́ kíláàsì tuntun fún yín, mo máa kó kọ̀ǹpútà wá. Àbí kí ni Náhuatl, èdè ìbílẹ̀ yín yìí, fẹ́ ṣe fún wọn? Òun gan-an ò kúkú jẹ́ ọ̀kan. Olùkọ́ yín ń sọ ti orí òkè, ẹ̀yin ń sọ tiyín. Èwo ni èdè níbẹ̀?"

Olùkọ́ Abundio, tó di bírọ́ọ̀ṣì mú lójú ògiri, ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ń wo ìgò bí ẹni ń wo òkúta.

Rutilia ti jáde nínú amọ̀ wá sẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí àpótí tó kù wà. Nicandro, ọmọ kíláàsì rẹ̀, fi ìgbòǹwọ́ gbá a. "Wo bí ìgò yìí ṣe ń làágùn. Mu ún jàre!"

"Ṣé orí ẹ pé? Ọtí ìtọrọ ni."

"Ìyá àgbà ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Nítorí ọ̀rọ̀ báyìí ni wọ́n ṣe fi ẹ́ ṣẹlẹ́yà ní ìlú."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un. Nígbà tó lọ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé ìlú, àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ti sín ohùn rẹ̀ jẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ní, bóyá Sípéènì nìkan náà ló dáa. Ó na ọwọ́, ó ṣí ìgò kan, ó gbé e sẹ́nu. Kò gbé e kúrò títí ó fi dé ìdí.

Barragán pàtẹ́wọ́. "Ọmọ yín ti mu! Àṣà tiyín ni o, kì í ṣe tèmi. Ó ti parí!"

Eufrosina, ìyá ìyá Rutilia, fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìgò òfìfo náà wúwo lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà ju àdá lọ.

"Màmá àgbà, òùngbẹ ló gbẹ mí," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Òùngbẹ gbẹ gbogbo wa," ìyá àgbà dáhùn. "Ẹnu tó mu nìkan ló lè dá a padà. Kó gbé ohun mímu ilé rẹ̀ síwájú atọrọ, kó sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Èmi ò lè bá ẹ sọ ọ́."

Barragán sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Rutilia, àbí? O ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu tèmi, o ò wọ ilé-ìwé ìlú. Jókòó, ọmọ mi. Dídákẹ́ ni mo ní kí o dákẹ́, kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀."

Rutilia wo ilé-ẹ̀kọ́ náà. Láti kékeré ló ti ń lá àlá ilé-ìwé ìlú. Bí ó bá dákẹ́, ó ti wọ̀ ọ́. Bí ó bá dákẹ́, kíláàsì Olùkọ́ Abundio ti parí, àwọn ọmọ kéékèèké yóò sì máa tijú ohùn ìyá wọn bí òun ṣe tijú.

Ó gbé igbá ògì gbígbóná tí ìyá àgbà gbé wá fún àwọn òṣìṣẹ́. Amọ̀ ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Ó gbé igbá náà síwájú Barragán. Náhuatl ló kọ́kọ́ fi sọ ọ́, sókè, kí abúlé gbọ́: "Mo mu ún, mo sì dá a padà."

"Kí ló wí?" Barragán bi awakọ̀ rẹ̀.

"Ẹ má bi í, èmi ni kí ẹ bi," Rutilia fi Sípéènì dáhùn. "Mo ní mo dá a padà. Ẹ ní èdè wa ò jẹ́ ọ̀kan. Òótọ́ ni pé Olùkọ́ Abundio ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi àgbàdo gbígbóná sẹ́nu. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín."

"Ẹ ṣeun o," ni olùkọ́ wí láti ìdí ògiri. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ wá kí i láti orí òkè, ìdí ààrò ni òun àti màmá àgbà mi jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ gbogbo wa lẹ́yìn. Ta ló lè ṣòfófó pẹ̀lú ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀? Tiwa, ti orí òkè, ti àwọn tó wà lápá ìpínlẹ̀ Guerrero, títí dé ti àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè El Salvador, inú ìyá kan ni gbogbo wọn ti jáde. Ṣé torí pé àwọn ọmọ ò jọra la ṣe máa sin ìyá wọn láàyè?"

"O máa kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yìí," Barragán wí.

"Bóyá. Ṣùgbọ́n ẹ máa gbé àpótí yín lọ."

Don Melquíades dìde. Àwọn ọkùnrin fi àdá sílẹ̀, wọ́n sì bá awakọ̀ gbé àwọn àpótí náà padà sínú ọkọ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, láìjẹ́ kí ìgò kan fọ́.

Ìyà náà kò ṣàì dé. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ àwọn tó wọ ilé-ìwé ìlú, wọn ò pe Rutilia. Ó sunkún débi pé kò lè jẹun. Nígbà tó nu ojú tán, ó lọ bá Olùkọ́ Abundio, ó ń ràn án lọ́wọ́ nínú kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, ó sì ń múra ìdánwò ilé-ìwé mìíràn tó wà lódìkejì odò.

Nicandro, tó ti wọ ti ìlú, pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ojú tì í díẹ̀. "Ìyá àgbà, ṣé kò dùn ẹ́?"

"Ó dùn mí gan-an," Rutilia wí. "Ṣùgbọ́n tí mo bá ń sunkún ní èdè wa, màmá àgbà mi ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ."

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ kì í ṣàṣìṣe nígbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ tí ọ̀rẹ́ sì ń tì í. Ẹni tó bá ṣe é ní gbangba, kó má ṣe lọ sá pamọ́; kó dìde ní gbangba, kó fi ẹnu yẹn kan náà kọ̀ ọ́, ohun yòówù kó ná an. Èdè tí ìyá ẹni fi rẹ ẹni lẹ́kún kì í ṣe ohun tí a ń fi gba ọtí tútù.