Ìpẹ́ Ẹja Nínú Fírísà Tuntun

"Mọ́mì, fírísà yìí ń rùn."

Orí Mofẹ́olúwa ṣì wà nínú fírísà náà nígbà tó sọ ọ́. Ìyá rẹ̀, Felicia, dúró tì í nínú ṣọ́ọ̀bù Alága Ọládùnjoyè ní Apo, ó fi abíyá há báàgì tó kó owó sí. Ẹja dídì ni ìyá yìí ń tà níwájú ilé wọn ní Karu, ó sì ti pẹ́ tó ti ń tu owó jọ kó lè ní fírísà tirẹ̀.

Alága rẹ́rìn-ín. "Òórùn ọ̀tun nìyẹn, ọmọ mi. Ṣé o ò tíì wọ bàtà tuntun rí ni?"

Mofẹ́ mọ òórùn bàtà tuntun. Ó sì mọ òórùn ẹja, torí ilé ẹlẹ́ja ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó ya ẹnu láti fèsì, ni ìyá rẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀: àgbà ń sọ̀rọ̀, pa ẹnu rẹ mọ́.

"Ẹ má dá a lóhùn, sà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé ẹ máa bá wa tàn án wò?"

"Felicia, èmi náà?" Alága fọwọ́ sáyà. "Ṣé dandan ni kí n tan fírísà kí ọmọ ìlú mi tó gbà mí gbọ́?"

Ojú ti ìyá Mofẹ́. Ọkùnrin yìí ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ní Àbújá. Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ kú, òun ló wá bọ́ọ̀sì tó kó wọn lọ sílé fún ìsìnkú. Béèyàn bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ rìsíìtì, ṣe ló dà bíi pé ó pè é lólè lójúkojú. Bó ṣe sanwó nìyẹn, tó kúnlẹ̀ dúpẹ́, tí wọ́n gbé fírísà lọ sílé láìtàn án wò, láìgba rìsíìtì kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ká ní ọwọ́ àjèjì ni wọ́n ti fẹ́ rà á ni, ìyá Mofẹ́ ìbá yẹ̀ ẹ́ wò lókè nílẹ̀, ìbá ná an títí ọlọ́jà á fi máa làágùn. Ṣùgbọ́n torí pé ìlú kan náà la ti wá, a dijú, a sanwó, a tún dúpẹ́ lé e. A gbàgbé pé kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Lọ́jọ́ kejì, Mofẹ́ ń fi aṣọ nu fírísà náà kí wọ́n tó kó ẹja sí i, ni nǹkan kan bá gún un níka lábẹ́ rọ́bà ìdérí rẹ̀. Ó fà á yọ. Ìpẹ́ ẹja ni, ó ti gbẹ, ó le kankan. Ìpẹ́ epìyà sì ni, ẹja tí ìyá rẹ̀ kì í tà.

"Mọ́mì, ẹlòmíì ti lo fírísà yìí rí."

Ìyá rẹ̀ gba ìpẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Jẹ́ ká máa wò ó ná," ló ní, ó sì sọ ọ́ nù.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Mofẹ́ ti ilé-ìwé dé lọ́sàn-án, tó bá omi pupa tó ń ṣàn láti abẹ́ fírísà bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, tí eṣinṣin sì ti bò ó. Iná wà, gílóòbù ilé ń tàn. Fírísà nìkan ló kú. Wọ́n pe Sàkáríyà, tó máa ń tún fírísà ṣe ládùúgbò. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó mi orí.

"Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti gbó, mà. Wọ́n kàn kun ara rẹ̀ lọ́dà ni. Àgbàlagbà tó pa irun láró ni fírísà yín yìí."

Ìyá Mofẹ́ kó ẹja tó ti bàjẹ́ sínú àpò, ó lọ dà á nù. Ohun tó dun Mofẹ́ jù nìyẹn. Gbogbo owó òwò ìyá rẹ̀ ló wà nínú àpò yẹn, ibẹ̀ náà sì ni owó WAEC tirẹ̀ ti ń bọ̀.

Nígbà tí bàbá rẹ̀, Múyìwá, ti ọ́fíìsì dé, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká gbé e mì. Ọmọ ìlú ẹni ni."

"Dádì, ọmọ ìlú wa yẹn ló rẹ́ wa jẹ."

"Mofẹ́, ṣọ́ ẹnu rẹ. A kì í torí fírísà ba ẹgbẹ́ jẹ́."

Mofẹ́ rò ó lọ́kàn ara rẹ̀. Ẹni tó ta òkú fírísà fún wọn kò ba ẹgbẹ́ jẹ́, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ló máa bà á jẹ́. Irú ọgbọ́n wo nìyẹn?

Nígbà tó di Sátidé, ìyá rẹ̀ háyà ọkọ̀ akẹ́rù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Òun àti Mofẹ́ gbé fírísà náà padà sí Apo, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Alága. Alága wò ó, ó wá na ìka sí ohun tó kọ sára ògiri: ỌJÀ TÍ A BÁ TI TÀ, A KÌ Í GBÀ Á PADÀ.

"Iná Karu ló bà á jẹ́," ló ní. "Ẹ̀bi tèmi kọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Mofẹ́ dá a lóhùn, "wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé ohun téèyàn kọ sára ògiri kò lágbára ju òfin lọ. Ẹni tó bá ta ọjà tó ti bàjẹ́ gbọ́dọ̀ tún un ṣe, tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kó dá owó olówó padà."

Alága rẹ́rìn-ín, ó fà á lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Orí ẹ pé. Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ mi ni owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wà? Orúkọ ẹ ló wà lókè. Owó WAEC ẹ, títí dé yunifásítì. Sọ fún mọ́mì ẹ pé iná ló bà á jẹ́, kẹ́ ẹ máa lọ sílé."

Mi ò ní parọ́ fún yín, ó wọ Mofẹ́ lójú. Ẹja ti lọ, owó kò sí, gbólóhùn kan péré ló sì wà láàárín òun àti yunifásítì. Ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. "Mọ́mì," ló ní, "ó lè jẹ́ pé iná ni lóòótọ́." Ìyá rẹ̀ wò ó bíi pé kò mọ̀ ọ́n rí. Mofẹ́ dorí kodò. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Ibi tí wọ́n dúró sí nìyẹn tí obìnrin kan tó pọnmọ sẹ́yìn wọlé. Àsíátù lorúkọ rẹ̀, ó fẹ́ máa ta zóbò tútù nítòsí ibùdó rélùwéè Idu.

"Sànnu, Alága."

"Yauwa, Àsíátù." Alága ṣí fírísà kan tó ń dán gbinrin. "Tuntun ni. Ẹni àkọ́kọ́ tó máa lò ó nìwọ."

"Ṣé ẹ máa tàn án wò fún mi?"

Alága fọwọ́ sáyà. "Àsíátù, èmi náà?"

Ọwọ́ kan náà ló tún fi sáyà, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ. Mofẹ́ rí báàgì owó lábẹ́ abíyá obìnrin náà, níbi tí ti ìyá rẹ̀ wà lọ́jọ́sí gẹ́lẹ́. Ojú tì í, ìtìjú náà sì yára di ìbínú.

"Àǹtí," ló ní, "ẹ fi imú sí i. Ẹ fi imú sí i dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó."

"Ọmọ yìí, jáde," ni Alága wí.

Àsíátù ti ki orí bọ fírísà. Nígbà tó yọ ọ́ jáde, ó ti fún ojú pọ̀. "Kai. Ó ń rùn bíi wàrà nọ́nọ̀ tó ti kan." Ó há báàgì rẹ̀ mọ́ abíyá dáadáa, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Alága yíjú sí Mofẹ́, ó ń làágùn. "O ti pa orúkọ ẹ rẹ́. Bàbá ẹ máa gbọ́."

"Kó gbọ́," ni ìyá Mofẹ́ wí. Ó jáde, ó jókòó lé orí òkú fírísà náà, ó sì dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Mi ò lọ síbì kankan. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé lónìí, màá ṣí èyí fún un kó gbóòórùn rẹ̀. Tó bá di Mọ́ńdè, èmi àti ọmọ mi á lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà."

Àwọn oníbàárà wá. Wọ́n gbóòórùn. Wọ́n yí padà. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí Alága fi ka owó wọn padà lé ìyá Mofẹ́ lọ́wọ́, kò sì wò ó lójú.

Ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀ parí síbi ayọ̀. Alága pa orúkọ Mofẹ́ rẹ́ lóòótọ́. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n ní ọmọ Múyìwá kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, bàbá rẹ̀ sì ru ìtìjú náà wálé, kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Owó WAEC di ohun tí ìyá rẹ̀ ń fi ẹja kọ̀ọ̀kan tu jọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ ra fírísà mìíràn lọ́wọ́ ọlọ́jà tí wọn kò mọ̀ rí, bàbá náà tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ó sún ọlọ́jà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tú táì ọrùn rẹ̀, ó ki orí bọ inú fírísà, ó mí sínú títí.

"Kò rùn," ló ní. Ó wo Mofẹ́. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi?"

Mofẹ́ náà ki orí bọ̀ ọ́. "Kò rùn, Dádì."

"Ẹ tàn án ká wò ó," ni bàbá wí fún ọlọ́jà, "kẹ́ ẹ sì kọ rìsíìtì fún wa."

Ọlọ́jà náà tàn án, ó kọ rìsíìtì, kò bínú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọmọ ìlú ẹni kì í ṣe rìsíìtì, ojú àánú kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Yẹ ọjà wò kó o tó tú owó. Bí wọ́n bá sì rẹ́ ẹ jẹ, sọ̀rọ̀, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tó bá sì bínú pé o ní kó tan ọjà wò, mú owó rẹ, kó o máa lọ.