Ó Ní Eruku Ni

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá ọmọbìnrin ayàwòrán ilé sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú yàrá, ìkejì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kankan ti tú kọ̀ǹpútà yìí kẹ́ ẹ tó pè mí?"

"Kò sẹ́ni tó tú u," ni ọmọbìnrin náà dá a lóhùn. "Iná ló lọ lánàá tí mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó dé, mo tẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀, kò tàn. Àwòrán ilé tí mo fi oṣù méjì yà wà nínú ẹ̀, ọ̀la sì ni wọ́n ń retí ẹ̀. Ẹ gbà mí."

Bàbá ọmọbìnrin náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà bí ẹni pé àjà ló pè wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́ fún yín. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ iná kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Oníná sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Irin tó bá wà níhòòhò, téépù dúdú ni wọ́n máa fi wé e. Wọ́n wé ọwọ́ ìkòkò, wọ́n wé etí dígí ojú wọn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wé ológbò aládùúgbò. Ṣùgbọ́n "mo ṣì í ṣe" kò tẹnu wọn jáde rí. Ìyàwó wọn tó ti dolóògbé a máa sọ pé tí Bàbá bá ṣìnà, ọ̀nà ló ṣì wọ́n.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kúnlẹ̀ ti àpótí kọ̀ǹpútà. Ó yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, ó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí iná tó há sínú ẹ̀ lè jáde tán. Ó dá wáyà padà. Féènì inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, àmọ́ ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, ó wá ń ké pí, pí, pí.

"Ó ń sọ ibi tó ń dùn ún," ló wí. "Pátákó kékeré tó fi ń rántí nǹkan ni kò rí."

Ó ṣí àpótí náà, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ọmọbìnrin náà ń rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yíjú wo Bàbá. Bàbá wo àjà. Ló bá tún tẹ̀ ba, ó fi ìka ṣe nǹkan kan, ó fọwọ́ sápò, ó ti pátákó náà wọlé, ó tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà tàn. Àwòrán ilé náà pé, igun kan ò yẹ̀.

Inú ayàwòrán dùn débi pé ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú kó tó rántí pé òun ò mọ̀ ọ́n rí. "Kí ló ṣe é?"

"Eruku ni," ló ní. "Mo máa padà wá nù ún dáadáa."

Ó padà wá lóòótọ́. Ó wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìkẹta, kò gbé irinṣẹ́ kankan dání, wọ́n wá jọ jókòó ti tábìlì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ọkùnrin náà mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Tí o bá ń bá a sọ ọ́, kì í wo ibòmíràn.

"Ààyò mi," ló pè é lọ́jọ́ kan, ojú sì tì í.

"Tún un pè," ni ọmọbìnrin náà wí.

Láàárín oṣù mẹ́fà, ọ̀rọ̀ ti di ti ìdílé. Wọ́n mú ọjọ́ Sátidé kan pé kí ìyá ọkùnrin náà wá bá Bàbá sọ̀rọ̀. Bàbá gan-an ló sáré jù. Wọ́n ní irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, wọn ò sì sọ ìdí ẹ̀.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó ṣáájú ni ọmọbìnrin náà yà ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà. Ó ń bá obìnrin tó ń bá ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣeré pé eruku ló bá òun wá ọkọ.

"Eruku wo?" ni obìnrin náà bi í. "Ọ̀gá ní inú kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Ọ̀rọ̀ náà rán ọmọbìnrin náà létí ohun kan. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ ẹ, irọ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ bí èyí ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó hàn pé ó níyàwó nílé. Ó ti búra pé òun ò ní bá onírọ́ gbé láé.

"Kí ló ṣe kọ̀ǹpútà mi lọ́jọ́ yẹn?" ló bi ọkùnrin náà.

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Mi ò lè sọ ọ́."

"Ṣé eruku ni?"

"Rárá."

"Kí ìyá yín má wulẹ̀ wá ní Sátidé."

Ó sunkún délé. Ó sọ fún Bàbá pé ìfẹ́ náà ṣì wà lọ́kàn òun digbí, ohun tó ń dun òun gan-an nìyẹn. Bàbá gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n kọ oúnjẹ alẹ́ Wẹ́sìdeè. Wọ́n kọ ti Tọ́sìdeè. Ní Fúráìdeè wọ́n jẹ díẹ̀, ebi kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ wọn, wọ́n ti dé fìlà.

"Ìyá mi," ni wọ́n wí, "lọ́jọ́ tí iná lọ yẹn, nígbà tó o jáde lọ wá ẹni tó máa tún un ṣe, mo tú kọ̀ǹpútà yẹn."

Ọmọbìnrin náà dìde jókòó.

"Mo rí pátákó kan, eyín wúrà wà létí ẹ̀ níhòòhò. Mo fi téépù wé e."

"Bàbá, ẹ fi téépù wé eyín tó fi ń gba iná?"

"Mo wé e dáadáa." Wọ́n húkọ́. "Ọmọ yẹn rí i. Ó wò mí. Ó bọ́ ọ, ó fi sápò, ó ní eruku ni. Kò jẹ́ kójú tì mí níwájú ọmọ mi. Mo wá jókòó, mò ń wo ìwọ tó ń sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ẹnu tí mi ò lè yà." Ohùn wọn rẹlẹ̀. "Mo ṣì í ṣe."

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gba ọmọbìnrin náà mú. Ó dì mọ́ bàbá ẹ̀, wọ́n sì jọ gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" ló bi ọkùnrin náà níwájú àwọn oníbàárà.

"Bàbá ẹ ni. Ta ni èmi tí màá tú wọn láṣìírí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta tó o wá nu eruku ńkọ́?"

"Ìyẹn, irọ́ tèmi ni. Ojú ẹ ni mo fẹ́ rí."

Ọmọbìnrin náà gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. "Tó o bá tún fẹ́ bo ẹnì kan láṣìírí, sọ fún mi pé o ò lè sọ. Mi ò ní bèèrè mọ́. Ṣùgbọ́n má parọ́ fún mi láé."

"Mo gbà, ààyò mi."

Bàbá fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ṣé ìyá ẹ ṣì lè wá lónìí?"

"Wọ́n ti múra láti àárọ̀, Bàbá. Mo sọ fún wọn pé ọmọ yín ní kí wọ́n má wá, wọ́n ní àwọn ò ní bọ́ṣọ."

Wọ́n wá. Ìyá náà mu omi, wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n wá béèrè ohun tí Bàbá rí lára ọmọ àwọn. Ayàwòrán ń wo ẹnu Bàbá, torí ó mọ̀ pé Bàbá lè sọ pé ìwà rere ni, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Àmọ́ Bàbá bọ́ fìlà, wọ́n sì ro gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin fún àlejò tí wọn ò tíì mọ̀ fún wákàtí kan, láìyọ nǹkan kan sílẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ lábẹ́ tábìlì, ó di ti ọkùnrin náà mú, kò sì jọ̀wọ́ ẹ̀ títí wọ́n fi mú ọjọ́ ìgbéyàwó.